Bí Ẹ Ṣe Lè Lọ Káàkiri Mùsíọ́mù àti Ọgbà Etíkun Mauritius láti Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó

Àwọn tọkọtaya tuntun, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n wà lẹ́nu ìsinmi ọdọọdún, àti àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń dá èésú ìrìn-àjò ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ń bi mí ní ìbéèrè kan náà nípa Mauritius, erékùṣù kan nínú Òkun Íńdíà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà: lẹ́yìn tí a bá ti wẹ òkun tán, tí a sì ti ya fọ́tò lórí iyanrìn, kí ló kù láti rí, báwo ni a ó sì ṣe tò ó tí owó àti àkókò kò fi ní ṣòfò?

Ohun tó kù pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò ń rí lọ. Ní etíkun erékùṣù yìí ni mùsíọ́mù tó ń sọ ìtàn àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà wà. Ibẹ̀ ni egungun dodo, ẹyẹ kan tí kò sí láyé mọ́, wà. Kò sì jìnnà sí òkun tí ọgbà Pamplemousses, tí ó ti lé ní 200 ọdún, fi wà. Ohun tó ń ba ìrìn náà jẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ni àìtò. Ẹni tí ó bá lọ sí àríwá láàárọ̀, tí ó tún sáré lọ sí gúúsù lọ́sàn-án, inú ọkọ̀ ni yóò ti lo ìsinmi rẹ̀ tán. Nítorí náà, mo pín etíkun náà sí apá mẹ́rin nínú ìtọ́sọ́nà yìí: ọjọ́ kan fún apá kan, kí ẹ máa wọ ọgbà láàárọ̀, kí ẹ sì máa sá fún oòrùn ọ̀sán sínú mùsíọ́mù.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe tẹ́

Erékùṣù náà kò tóbi. Kò gùn ju nǹkan bíi kìlómítà 65 lọ, kò sì fẹ̀ ju nǹkan bíi 45 lọ. Olú ìlú rẹ̀, Port Louis, wà ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn, pápákọ̀ òfuurufú sì wà ní gúúsù-ìlà-oòrùn, nítòsí ìlú Mahébourg. Bí ó ṣe kéré yìí gan-an ló ń tan àlejò jẹ, nítorí pé ọ̀nà etíkun ń yí po lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, ó ń la abúlé àti oko ìrèké kọjá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì máa ń wà ní Port Louis láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ má ṣe fi bí ó ṣe rí lórí máàpù díwọ̀n àkókò.

Aago wọn fi wákàtí mẹ́ta ṣáájú tiwa. Nígbà tí aago mẹ́fà àárọ̀ bá lù ní Àkúrẹ́, aago mẹ́sàn-án ti lù níbẹ̀, àwọn mùsíọ́mù sì ti ń ṣílẹ̀kùn. Bí ara yín kò bá tètè gbà á, ẹ óò máa sùn kọjá àkókò tí ọgbà dára jù láti wọ̀. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ bá dé sinmi.

## Ìgbésẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ gbé kí ẹ tó kúrò nílé

1. Ẹ yan àkókò tó dára. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹwàá ni ojú ọjọ́ máa ń tutù, tí òjò sì máa ń dín kù. Láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹrin ni ooru máa ń mú, ìgbà náà sì ni ìjì líle láti ojú òkun lè jà. Ipele mẹ́rin ni ìkìlọ̀ ìjì wọn ní; bí ó bá ti dé ipele kẹta, ilé ni gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ wà, kò ní sí bọ́ọ̀sì, kò sì ní sí mùsíọ́mù tí yóò ṣí. Oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ni èmi máa ń dámọ̀ràn. Bí ó bá jẹ́ oṣù Keje tàbí Kẹjọ ni ẹ lè lọ, ẹ mú suẹ́tà dání, nítorí pé atẹ́gùn máa ń fẹ́ gan-an ní etíkun ìlà-oòrùn.

2. Ẹ ṣètò páásípọ́ọ̀tù àti ìwé ìwọlé. Ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè ìwọlé-wọ̀de wà ní Àkúrẹ́, kò sídìí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ lọ gba páásípọ́ọ̀tù ní Èkó. Ẹ rí i dájú pé ó ṣì ní ju oṣù mẹ́fà lọ kí ó tó kú. Òfin ìwọlé fún ọmọ Nàìjíríà lè yí padà láàárín ọdún kan, nítorí náà, ẹ lọ sí ojú òpó ìjọba Mauritius fúnra yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì; ẹ má ṣe gbára lé ohun tí aṣojú ìrìn-àjò bá sọ lẹ́nu lásán. Wọ́n lè ní kí ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀, ìwé òtẹ́ẹ̀lì àti ẹ̀rí owó hàn. Fọ́ọ̀mù ìrìn-àjò kan wà tí wọ́n ń kọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí èèyàn tó wọ ìlú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú.

3. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Láti orílẹ̀-èdè tí àìsàn náà wà ni ẹ ti ń bọ̀, wọn yóò béèrè yẹ́lò káàdì. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra, nítorí pé káàdì náà kì í tíì ṣiṣẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ gbà á lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Port Health, ẹ má ṣe ra èyí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì láìgba abẹ́rẹ́. Kò sí ibà ẹ̀fọn tó ń ti inú erékùṣù náà ràn mọ́, wọn kò sì fẹ́ kó padà, nítorí náà, kí ẹnu má yà yín bí òṣìṣẹ́ ìlera bá bi yín léèrè nípa ara yín ní pápákọ̀.

4. Ẹ pinnu ọ̀nà tí ẹ óò gbà. Èkó ni ẹ ti máa wọ bàálù, ẹ óò sì pààrọ̀ bàálù ní Nairobi, Johannesburg tàbí Dubai. Ẹ yẹ òfin ìlú tí ẹ óò ti pààrọ̀ bàálù wò pẹ̀lú. Yálà ọ̀nà Iléṣà sí Ìbàdàn ni ẹ gbà ni o, tàbí ọ̀nà Oǹdó sí Òrè, ẹ sùn ní Èkó mọ́jú ọjọ́ ìrìn-àjò. Ọ̀nà Òrè kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń fi ọjọ́ bàálù dán wò.

5. Ẹ ṣètò owó. Rúpì ni owó wọn. Náírà kò wúlò níbẹ̀. Ẹ béèrè owó ìrìn-àjò ní báńkì yín, ẹ sì bi wọ́n ní tààràtà bóyá káàdì yín yóò ṣiṣẹ́ lókè òkun àti iye tí ó lè san lóṣù. Dọ́là tàbí yúrò díẹ̀ lọ́wọ́ yóò gbà yín bí káàdì bá kọ̀.

6. Ẹ pín ibùsùn yín sí méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sun òtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo láti ọjọ́ dídé títí dé ọjọ́ àtilọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ráhùn pé ìrìn ti pọ̀ jù. Ẹ kọ́kọ́ sùn sí àríwá, bí àpẹẹrẹ ní agbègbè Grand Baie, fún àwọn ọjọ́ Port Louis àti Pamplemousses. Lẹ́yìn náà, ẹ kó lọ sí Mahébourg tàbí Blue Bay fún àwọn ọjọ́ gúúsù. Ibẹ̀ sún mọ́ pápákọ̀, yóò sì rọrùn lọ́jọ́ àbọ̀.

### Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kó sínú àpótí

- Obì, orógbó, èso tútù, irúgbìn tàbí ẹ̀ka igi èyíkéyìí láìní ìwé àṣẹ. Erékùṣù tí ó ní igi tí kò sí níbòmíràn láyé máa ń bẹ̀rù kòkòrò àjèjì gidigidi.
- Ẹran ìgbẹ́ àti ẹran gbígbẹ.
- Tramadol, oògùn ikọ́ tó ní codeine, tàbí oògùn líle mìíràn láìní ìwé dókítà. Òfin wọn le lórí èyí, ẹ bi wọ́n léèrè ṣáájú kódà bí dókítà ló kọ ọ́ fún yín.
- Àpò ọ̀rá; wọ́n ti fòfin dè é. Ẹ mú àpò aṣọ dání.

Oúnjẹ yòówù tí ẹ bá mú lọ, ẹ sọ ọ́ fún aṣọ́bodè kí wọ́n tó bi yín.

## Ọjọ́ kìíní: èbúté Port Louis

Ẹ má fi ọjọ́ Àìkú ṣe èyí, nítorí pé ọjọ́ náà ni Blue Penny Museum àti Aapravasi Ghat máa ń tì. Ọjọ́ ìsinmi ìjọba wọn náà pọ̀, nítorí pé ẹlẹ́sìn Híńdù, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti àwọn ará Ṣáínà ló ń gbé pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wo kàlẹ́ńdà wọn kí ẹ tó yan ọjọ́. Ẹsẹ̀ lásán ni ẹ lè fi rin gbogbo ibi tí mo fẹ́ dárúkọ wọ̀nyí.

1. Aapravasi Ghat, ní aago mẹ́sàn-án. Ọ̀fẹ́ ni. Láti ọdún 1834 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn òṣìṣẹ́ aládèéhùn, ìyẹn àwọn tó tọwọ́ bọ ìwé láti ṣiṣẹ́ fún iye ọdún kan, wá láti Íńdíà láti ṣiṣẹ́ oko ìrèké, iye wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù kí ó tó parí. Ibùdó tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1849 ni èyí tí ẹ óò rí, UNESCO sì fi í sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní ọdún 2006. Àtẹ̀gùn òkúta 16 wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn náà gùn láti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sórí ilẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wo bí òkúta náà ṣe rí, kí ẹ tó wọ yàrá àlàyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

2. Intercontinental Slavery Museum. Kò jìnnà sí Aapravasi Ghat. Inú ilé ìwòsàn àwọn ológun ayé àtijọ́ ló wà, ilé tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bíi ọdún 1740, ọdún 2023 ni mùsíọ́mù náà sì ṣílẹ̀kùn. Nínú gbogbo ibi tí ó wà ní Port Louis, ibí ni mo rọ̀ yín pé kí ẹ má ṣe kánjú. Láti Mozambique àti Madagascar ni wọ́n ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹrú náà, ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1835 sì ni òfin fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Àwa tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wa gba etíkun tiwa lọ sí Amẹ́ríkà kì í sábà rántí pé apá ìlà-oòrùn Áfíríkà náà fara gbá a. Bí ẹ bá kọ́kọ́ wo ibí, òkè Le Morne tí ẹ óò lọ ní ọjọ́ kẹrin yóò yé yín.

3. Oúnjẹ ọ̀sán ní ọjà. Central Market wà láàárín ìlú. Ẹ jẹ dholl puri, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ẹ̀wà lílọ̀ sí, tí wọ́n sì ń ká mọ́ ọbẹ̀. Ẹ tún wá gâteau piment, tí ó jọ àkàrà wa pẹ́kípẹ́kí ní ojú àti lẹ́nu. Ẹ ṣọ́ àpò yín nínú èrò, bí ẹ ṣe ń ṣọ́ ọ ní Ọjà Ọba.

4. Blue Penny Museum, ní Caudan. Sítáǹbù lẹ́tà méjì tí Mauritius tẹ̀ ní ọdún 1847 ni gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ wá síbẹ̀: ọ̀kan aláwọ̀ ọsàn, ọ̀kan aláwọ̀ búlúù. Nítorí kí ìmọ́lẹ̀ má baà pa àwọ̀ wọn rẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni wọ́n ń tan iná sí ojúlówó wọn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àwòkọ wọn ni ẹ óò máa rí ní àkókò yòókù. Bí ẹ bá ti ń san owó ìwọlé ni kí ẹ ti béèrè ìgbà tí wọn yóò tan iná náà, kí ẹ sì fi wíwo àwọn yàrá yòókù dúró dè é. Ẹni tí kò bá béèrè lè wo àwòkọ tán kó sì máa lọ.

5. Company's Garden àti mùsíọ́mù egungun dodo. Ọgbà kékeré yìí wà láàárín ìlú, ó kún fún igi ńláńlá tí gbòǹgbò wọn ń rọ̀ láti òkè wálẹ̀ àti fún ère. Natural History Museum wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mauritius nìkan ni ẹyẹ dodo ti gbé rí, kò lè fò, kò sì pé 100 ọdún lẹ́yìn tí àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ilẹ̀ náà tí ó fi tán pátápátá. Bí àkókò bá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ wọ mùsíọ́mù, kí ẹ tó jókòó sínú ọgbà.

Ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn: ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ wọn ń gbà. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀tún kí ẹ tó sọdá, nítorí pé ojú wa ti mọ́ wíwo òsì.

## Ọjọ́ kejì: Pamplemousses ní àríwá

Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹ ní fún ọgbà, ọgbà yìí ni kí ẹ lọ. Ó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 11 sí Port Louis. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí àríwá máa ń gbéra láti Immigration Square, nítòsí Aapravasi Ghat, yóò sì já yín sí ibi tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà.

1. Ẹ dé ibẹ̀ kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn. Ooru kò tíì mú, àwọn bọ́ọ̀sì àlejò láti òtẹ́ẹ̀lì kò sì tíì dé.

2. Ẹ san owó ìwọlé, kí ẹ sì pinnu bóyá ẹ fẹ́ amọ̀nà. Èmi gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ mú ọ̀kan, nítorí pé kì í ṣe gbogbo igi ló ní àkọlé. Amọ̀nà tó mọṣẹ́ yóò já ewé, yóò fún un lọ́wọ́, yóò sì ní kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ sọ igi tó jẹ́. Kànáfùrù ni ẹ óò kọ́kọ́ dá mọ̀. Pierre Poivre, ará Faransé, ni ó gbin irú àwọn igi olóòórùn dídùn bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ ní ìgbà tí ọdún 1770 ń sún mọ́, nítorí ó fẹ́ gba òwò wọn mọ́ àwọn ará Netherlands lọ́wọ́. Ẹ dúnàá-dúrà owó amọ̀nà kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan, kí ẹ sì béèrè bóyá ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni tàbí ti gbogbo yín lápapọ̀.

3. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibi adágún omi. Ewé òṣíbàtà ńlá tó wà níbẹ̀ lè fẹ̀ ju mítà kan lọ, etí rẹ̀ sì ká sókè yípo. Òdòdó rẹ̀ máa ń là ní funfun lálẹ́ ọjọ́ kìíní, yóò sì di pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ni yóò rì. Nígbà tí oòrùn bá ti mú, yóò ti pa ara rẹ̀ dé, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ má ṣe gba ọmọdé láàyè láti tẹ ewé náà tàbí láti tẹ̀ síwájú jù létí omi.

4. Ẹ wá lọ wo àwọn ọ̀pẹ. Oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n talipot ni kí ẹ béèrè. Ó lè pé ọdún 30 sí 80 kí ó tó yọ òdòdó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń yọ ọ́ láyé rẹ̀, yóò so, yóò kú. Bí ẹ bá bá ọ̀kan pàdé tí ó ti yọ òdòdó lórí, ẹ ti ṣe oríire.

5. Ẹ parí rẹ̀ síbi àwọn alábahun ńlá. Wákàtí méjì tó fún gbogbo rẹ̀ bí ẹ kò bá kánjú.

6. Nígbà tí oòrùn bá ti dé àtàrí, ẹ kọjá sí L'Aventure du Sucre ní Beau Plan, tí kò jìnnà rárá. Ilé iṣẹ́ ṣúgà àtijọ́ ni, ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ọdún 1999, ó sì di mùsíọ́mù ní ọdún 2002. Inú rẹ̀ ni ẹ óò ti rí bí ìrèké, ẹrú àti òṣìṣẹ́ aládèéhùn ṣe so mọ́ra, tí ohun tí ẹ rí ní ọjọ́ kìíní yóò fi di ọ̀kan. Ohun kíkà ibẹ̀ pọ̀ gan-an; ẹ fún un ní wákàtí méjì. Wọ́n máa ń fún èèyàn ní oríṣiríṣi ṣúgà tọ́ wò ní ìparí; bí ẹ bá ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má jẹ́ kí ojú àlejò tì yín láti kọ̀ ọ́.

Ẹ̀fọn inú ọgbà níbẹ̀ kì í fa ibà tí a mọ̀ nílé, ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ èèyàn lọ́sàn-án lè kó ibà dengue ran èèyàn. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ sì fi ìpara ẹ̀fọn para.

## Ọjọ́ kẹta: Mahébourg àti erékùṣù kékeré

Ọjọ́ yìí nílò ìṣètò ṣáájú ju gbogbo ọjọ́ yòókù lọ, nítorí Île aux Aigrettes. Erékùṣù kékeré tí ó tó hẹ́kítà 26 ni, kò sì sí ẹni tó lè dá wọ̀ ọ́. Mauritian Wildlife Foundation ló ń tọ́jú rẹ̀, amọ̀nà wọn ló sì ń mú èèyàn káàkiri.

1. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ sì yan ìrìn àkọ́kọ́ àárọ̀. Pointe Jérôme, nítòsí Mahébourg, ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra.

2. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Òkúta iyùn ni ilẹ̀ ibẹ̀, ó mú, sálúbàtà kò sì ní gbà yín.

3. Ẹ rọra sọ̀rọ̀, kí ẹ lè rí àwọn ẹyẹ. Ẹyẹlé àwọ̀ pínkì tí ẹ óò máa wá níbẹ̀ ti kù nǹkan bíi mẹ́wàá péré nínú igbó nígbà tí àwọn ọdún 1990 bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín kó lè pọ̀ padà. Alábahun ńlá tí ẹ óò bá pàdé lójú ọ̀nà náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe: àwọn alábahun ilẹ̀ náà ti tán pátápátá, wọ́n sì lọ kó èyí wá láti erékùṣù Aldabra kí ó lè máa jẹ èso igi ẹ́bónì, kí ó sì máa fi ìgbẹ́ rẹ̀ tan kóró rẹ̀ ká. Ẹ kíyè sí ohun tó bá ń jẹ. Ó máa ń pẹ́ lẹ́nu ewé kan tí èèyàn á fi lè ka eyín rẹ̀ bí ó bá ní.

4. Ẹ má mú nǹkan kan kúrò níbẹ̀, ì báà jẹ́ ewé gbígbẹ.

5. Lọ́sàn-án, ẹ wọ National History Museum ní Mahébourg. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1810, àwọn ọkọ̀ ogun Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì jà nítòsí ibẹ̀. Inú ilé tí ó di mùsíọ́mù yìí ni wọ́n gbé àwọn ọ̀gágun méjèèjì tó fara gbọgbẹ́ sí, wọ́n sì tọ́jú wọn pọ̀. Ẹ béèrè agogo ọkọ̀ Saint-Géran, tí ó rì ní ọdún 1744.

6. Bí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú, ẹ lọ sí Vieux Grand Port, kí ẹ wo àwókù odi tí àwọn ará Netherlands fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1710.

Bí òkun bá ru, ọkọ̀ ojú omi kò ní lọ. Ẹ má bá awakọ̀ ojú omi tí kò láṣẹ dúnàá-dúrà. Ẹ wọ mùsíọ́mù láàárọ̀, kí ẹ béèrè fún ọjọ́ mìíràn. Tí ọjọ́ náà bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjà ńlá wà ní Mahébourg.

## Ọjọ́ kẹrin: Souillac àti Le Morne

Etíkun gúúsù yìí ni ó jìnnà jù, bọ́ọ̀sì rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ háyà takisí fún odidi ọjọ́, kí ẹ sì kọ gbogbo ibi tí ẹ fẹ́ dé sínú ìwé fún awakọ̀ kí ẹ tó fẹnu kò lórí owó. Èmi kò gba ẹni tó ń wakọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà níyànjú pé ọ̀nà tóóró tí ó yí etíkun yìí po ni kí ó ti kọ́kọ́ gbìyànjú ọwọ́ òsì.

Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè ní láti kọ́kọ́ lọ sí Le Morne ní ìdájí, kó tó padà sí Souillac.

Òkè Le Morne ga tó mítà 556, ó yọrí sójú òkun. Ibẹ̀ ni àwọn ẹrú tó sá kúrò lọ́wọ́ olówó wọn ń sá pamọ́ sí, UNESCO sì fi í sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní ọdún 2008. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ṣùgbọ́n ti òkè jẹ́ àpáta tí èèyàn ní láti fi ọwọ́ dì mú. Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn Ìdànrè, tó lé ní 600, láìdúró sinmi níbi púpọ̀, yóò lè ṣe apá ìsàlẹ̀. Kí ó tó gun apá òkè, ó ní láti jẹ́ ẹni tí gíga kì í dẹ́rù bà. Mo rọ gbogbo ẹni tó ń gbèrò rẹ̀ pé kí wọ́n lọ sí Ìdànrè ní òpin ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kí wọ́n tó rin ìrìn yìí. Ẹ mú amọ̀nà, omi àti bàtà tó di ilẹ̀ mú. Ẹ fún un ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ní lílọ àti bíbọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹ fi apá òkè sílẹ̀.

Àwọn tí orúnkún ń dùn kò pàdánù. Ère ìrántí àwọn ẹrú wà ní ìsàlẹ̀ òkè náà, létí òkun, ẹ sì lè jókòó síbẹ̀ kí ẹ gbójú sókè wo ibi tí wọ́n sá sí.

Ní Souillac, Telfair Garden wà létí òkun gan-an, igi fùrúùtù tí a mọ̀ nílé wa sì ń ṣíji bo ibẹ̀. Mùsíọ́mù kékeré akéwì Robert Edward Hart wà nítòsí, nínú ilé tí wọ́n fi òkúta iyùn kọ́. Ẹ ní kí awakọ̀ pè wọ́n kí ẹ tó lọ. Ẹ má wẹ̀ níbẹ̀ rárá, ẹ má sì wẹ̀ ní Gris-Gris. Òkúta iyùn tó ń dá ìgbì dúró ní àwọn etíkun yòókù kò sí níbẹ̀, omi sì lágbára láti gbé àgbà lọ.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù

- Fífi ọgbà sí ọ̀sán. Oòrùn yóò lé yín jáde kí ẹ tó dé ìdajì rẹ̀.
- Dídúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú kí ẹ tó wá bọ́ọ̀sì. Ní ìgbèríko, bọ́ọ̀sì máa ń tètè dáwọ́ dúró. Ẹ bi kọ̀ńdọ́kítọ̀ ìgbà tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ń lọ bí ẹ bá ti ń sọ̀kalẹ̀.
- Lílọ ní àsìkò Maha Shivaratree láìmọ̀. Ní oṣù Kejì tàbí Kẹta, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí adágún Grand Bassin, ọ̀nà gúúsù a sì há pinpin.
- Wíwọ tẹ́ńpìlì pẹ̀lú bàtà tàbí aṣọ òkun bí ẹ bá yà síbẹ̀ lójú ọ̀nà.

## Bí ètò yín bá yàtọ̀

Ọjọ́ méjì péré ni ẹ ní: ẹ mú Port Louis àti Pamplemousses. Ẹ fi Le Morne sílẹ̀ kí ẹ má baà wò ó láti inú ọkọ̀ nìkan.

Ẹ mú ọmọdé dání: dodo, alábahun àti òṣíbàtà ni yóò gbádùn mọ́ wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nínú yàrá sítáǹbù. Ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ sí mùsíọ́mù Ọ̀wọ̀ kí ẹ tó rìn jìnnà. Bí wọ́n bá lè wo àwọn ère amọ̀ tí wọ́n hú jáde ní Igbó Lájà láìfọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n ti ṣe tán.

Òjò mú yín mọ́lé: L'Aventure du Sucre àti mùsíọ́mù Port Louis ni kí ẹ sún síwájú, kí ẹ sún ọgbà sẹ́yìn. Òjò ibẹ̀ lè máa rọ̀ ní apá kan kí oòrùn máa ràn ní apá kejì, nítorí náà, ẹ bi àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì bí ìwọ̀-oòrùn ṣe rí kí ẹ tó fagi lé ọjọ́ náà.

Alẹ́ ni bàálù àbọ̀ yín: ẹ lè fi àárọ̀ ọjọ́ náà wo Mahébourg tí ẹ kò bá ráyè rí i tán, nítorí pé pápákọ̀ kò jìnnà. Ẹ kó ẹrù sí òtẹ́ẹ̀lì, ẹ sì wà ní pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Kí ẹ tó ti àpótí, ẹ yọ ìkarahun òkun, òkúta iyùn àti kóró igi tí àwọn ọmọ bá ti kó sápò, nítorí pé aṣọ́bodè yóò gbà wọ́n, ó sì lè gba owó ìtanràn lé e.